Ẹsẹ̀ Inú Ọ̀rá

Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó gbé wọn láti Molutehin ṣe fi imú kan èbúté Ìgbókòdá, gbogbo èrò inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá, wọ́n ń wá bàtà wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ní etídò Ìlàjẹ, ẹni tó bá wọ bàtà gidi wọ inú ọkọ̀, àlejò ni, tàbí kó jẹ́ aláṣehàn. Omi iyọ̀ kì í tán nísàlẹ̀ ọkọ̀, ẹrẹ̀ kì í tán lórí pákó, kò sì sí bàtà tí àwọn méjèèjì kì í bà jẹ́. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wọkọ̀. Bàtà a wà nínú ọ̀rá títí wọn yóò fi gúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Àràmídé náà tú ọ̀rá tirẹ̀. Ohun tó fà yọ níbẹ̀ kì í ṣe bàtà, ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni, àwọ̀ rẹ̀ bá àwọ̀ ara rẹ̀ mu, ó ní ọmọ ìka márààrún, ó sì ń dán. Ó fi aṣọ gbígbẹ nu kùkùté ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó parí sí ìsàlẹ̀ orúnkún, ó fa ìbọ̀sẹ̀ bò ó, ó tì í bọ inú ẹsẹ̀ náà, ó sì dè é pinpin. Lẹ́yìn náà ló ti igi abíyá tó fi ń rìn nílé sábẹ́ ìjókòó awakọ̀.

"Sunday, bá mi tọ́jú igi yẹn títí di ìrọ̀lẹ́," ó sọ fún awakọ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Obìnrin ẹlẹ́ja kan tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. "Àràmídé, ẹsẹ̀ rẹ yìí, ṣé kì í mọ ọ̀nà ilé ni? Ìgbókòdá nìkan la ti ń rí i."

"Ẹ̀yin náà, ṣé bàtà ṣọ́ọ̀ṣì yín lẹ máa ń wọ̀ yan ẹja?" Ó pòṣé, ó dìde, ó gun orí èbúté, ó ń lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Àràmídé, ó sì wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tó wà ní kékeré ni ìṣó tó ti dípẹtà gún un lẹ́sẹ̀ lórí afárá pákó. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, egbò náà ti kẹ̀, àwọn dókítà sì gé ẹsẹ̀ náà kí wọ́n lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Láti ìgbà náà ni igi abíyá ti di ẹsẹ̀ rẹ̀, títí di ọdún tí wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ ní Ìgbókòdá.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ibùdó yìí díẹ̀, nítorí ènìyàn ní láti gbọ́ ọ dáadáa kó tó gbà pé irú rẹ̀ lè wà. Orúkọ rẹ̀ ni Ibùdó Ìwádìí àti Ìdàgbàsókè Ìmọ̀ Ẹ̀rọ fún Ìmúbọ̀sípò Àwọn Aláàbọ̀ Ara. Bí ọmọ kékeré bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka pátákó ẹnu ọ̀nà wọn, ebi á ti máa pa á kó tó kà á tán. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀ dára: kí wọ́n máa ṣe ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àtọwọ́dá tí ará etídò lè lò, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n sì fún ẹni tó nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Dókítà Olówòkéré ni wọ́n fi ṣe olùdarí. Ọkùnrin tó ń ṣe ẹsẹ̀ fún ará omi yìí kò wọ inú ọkọ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dé. Ó ní òòyì máa ń kọ́ òun.

Ohun tó mọ̀ ọ́n dá sílẹ̀ ni ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ wà fún ìwádìí, ìgbìmọ̀ wà fún ìlànà, ìgbìmọ̀ wà fún ìtọ́jú àlejò, òmíràn sì tún wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti máa wo iṣẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ yòókù. Yàrá ìpàdé ní ẹ̀rọ amúlétutù tó ń mú kí àgbà gbọ̀n. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ gan-an, fèrèsé kan péré ló ní. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ a gbé yàrá ìpàdé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ a jókòó síta, wọn a máa fẹ́ atẹ́gùn síra wọn. Ilé tí wọ́n kọ́ nítorí ẹsẹ̀, ìdí nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, Àǹtí Moríkẹ́ nìkan ló máa ń béèrè ìbéèrè tó nítumọ̀. Òun ló ń kọ́ àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa fi ẹsẹ̀ tuntun rìn. Wọn kì í sábà dá a lóhùn.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ẹsẹ̀ náà fún Àràmídé, Àǹtí Moríkẹ́ gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Gbọ́, Àràmídé. Ẹsẹ̀ ìdánwò lèyí. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ lò ó fún oṣù mélòó kan kí a tó ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ̀ ọ́ dé ibi gbogbo. Wọ̀ ọ́ nínú ẹrẹ̀, wọ̀ ọ́ lórí pákó tó tutù, wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀. Bó bá máa bàjẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ la fẹ́ kó ti bàjẹ́, kí a lè mọ ibi tí a ó tún ṣe."

"Mo gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀ láti kékeré kì í dúró gbọ́ àlàyé. Nígbà tó dé èbúté nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó rí omi iyọ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó jókòó, ó tú ẹsẹ̀, ó nù ún, ó wé e sínú ọ̀rá. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló dé, torí gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń bọ́ bàtà tiwọn náà. Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀, tó máa ń pè ní Ìyé, yìn ín.

"O káre," Ìyé wí. "Ohun tó dára tó báyìí, omi iyọ̀ kò gbọdọ̀ kàn án." Ó bá a gbé e kọ́ sókè ògiri yàrá, níbi tí èéfín ẹja yíyan kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ a sùn lára ògiri ní Molutehin, a wọ inú ọ̀rá, a gun ọkọ̀, a dé Ìgbókòdá, a wá rìn bí ọba lórí ilẹ̀ dídán tí wọ́n fi táìsì tẹ́ ní ibùdó. Lóṣooṣù ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò sì rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Inú Olùdarí a máa dùn, a máa sọ ọ́ káàkiri pé ẹsẹ̀ tí ibùdó òun ṣe kò lábàwọ́n. Ẹsẹ̀ tí kò kan omi rí, kí ni ì bá bà á jẹ́?

Kò pẹ́ ni wọ́n bá fi Àràmídé jẹ aṣojú àwọn olùlò nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ibùdó. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un ní káàdì tó ń gbé kọ́ ọrùn, wọ́n sì ń pè é ní "Miss Àràmídé". Ẹ wá wo ọmọ ẹlẹ́ja. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò mọ ọmọ kíláàsì rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ń kàwé ìdánwò pọ̀, a ní, "Níbi ìpàdé wa ní ibùdó, a kì í sọ̀rọ̀ báyẹn." Bí ìyá rẹ̀ bá fi ọwọ́ tó ní òórùn ẹja kàn án, a yínmú. Káàdì yẹn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà bó bá ń lọ pọnmi.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Táyé, ará Oríòkè-Ìwàmímọ́, tó máa ń wá ṣe eré ìdárayá lọ́dọ̀ Àǹtí Moríkẹ́. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Apẹja ni bàbá rẹ̀, àgbà sì ti ń dé sí i, àwọ̀n ti ń wúwo fún un. Àwọ̀n ńlá kò ṣeé jókòó fà. Ìdúró ni wọ́n ti ń fà á. Ohun kan ṣoṣo tí Táyé fẹ́ láyé ni kí òun tún lè dúró nínú ọkọ̀ bàbá òun, kí bàbá náà sì sinmi. Wọ́n ti sọ fún un pé òun ni yóò gba ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ti Àràmídé.

Ó dá Àràmídé dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibùdó lọ́jọ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, jọ̀ọ́," ó fi ṣeré, torí òun ló fi ọdún kan ju Àràmídé lọ, "ṣé ẹsẹ̀ yìí ṣeé fi dúró nínú ọkọ̀? Ṣé kì í yọ̀?"

Àràmídé wo sòkòtò rẹ̀ tí ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́, ó yínmú. "Ìpàdé ni a ti ń jíròrò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Táyé rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó rò pé bí àwọn tó mọ̀wé ṣe ń sọ̀rọ̀ ni.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ tó tẹ̀ lé e kù díẹ̀ nígbà tí Dókítà Olówòkéré pe Àràmídé wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fún un ní ohun mímu tútù, ó jókòó sórí etí tábìlì. "Miss Àràmídé, àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fẹ́ gbọ́ pé ìdánwò ti parí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ṣì kù síbì kan, wọ́n á kó ìrànlọ́wọ́ wọn lọ síbòmíràn. Ìwọ náà sì mọ̀ pé orúkọ rẹ ni mo fi ránṣẹ́ fún ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ jáde ni wọ́n máa gbà gbọ́."

"Kí ni kí n sọ, sà?"

"Òótọ́ ni kí o sọ. Pé ẹsẹ̀ náà dára." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbí kò dára ni?"

Ó dára lóòótọ́, lórí táìsì. Àràmídé mu ohun mímu náà tán, ó dúpẹ́, ó jáde. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní irọ́ ní tààràtà. Irú Olówòkéré kì í kọ́ ènìyàn nírọ́, ṣe ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní fún un, kí ìwọ fúnra rẹ wá jókòó sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, yàrá ìpàdé kún. Àwọn olùrànlọ́wọ́ jókòó sápá kan pẹ̀lú aṣọ funfun. Olùdarí sọ̀rọ̀ títí, ó lo ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, pàápàá òun fúnra rẹ̀. Nígbà tó jókòó, Àǹtí Moríkẹ́ na ọwọ́ sókè.

"Mo ní ìbéèrè kan fún aṣojú olùlò. Àràmídé, gbogbo ìgbà tí a yẹ ẹsẹ̀ yìí wò, ó mọ́ tónítóní. Ṣé o wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀? Ṣé o wọ̀ ọ́ wọnú ẹrẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Àràmídé. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní rárá, kò sí ohun burúkú tí yóò ṣẹlẹ̀ ju pé kí wọ́n ní kó padà lọ dán an wò. Ṣùgbọ́n wọ́n á mọ̀ pé Miss Àràmídé, aṣojú olùlò, ń wé ẹsẹ̀ ìwádìí sínú ọ̀rá bí ìyá arúgbó ṣe ń wé bàtà ọdún. Ojú á tì í. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì lè bọ́. Ó wo Olùdarí, Olùdarí mi orí sí i jẹ́ẹ́jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀." Irọ́ kì í sì í dá rìn, ó máa ń fẹ́ alábàárìn, nítorí náà ó fi kún un pé, "Mo tilẹ̀ fi dúró fa àwọ̀n."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àǹtí Moríkẹ́ wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé ojú sílẹ̀. Inú Àràmídé dùn títí ó fi délé, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ gbígbẹ kọ́ sára ògiri.

Kò pé oṣù kan ni wọ́n fún Táyé ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n pe oníyàwòrán, Olùdarí sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kí Àràmídé gbé ẹsẹ̀ náà lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe dúró pọ̀ fún fọ́tò, Táyé tẹ̀ sí i létí.

"Àràmídé, bá mi sọ òótọ́. Wọ́n ní o fi dúró fa àwọ̀n. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ẹ rí i, Ọlọ́run fún un láǹfààní lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ìgbìmọ̀ ńbẹ̀, kò sí Olùdarí tó ń mi orí. Ọmọ apẹja kan ló ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹlẹ́ja. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gun orí àga gíga, ìsàlẹ̀ máa ń jìn sí i.

"Ṣé òpùrọ́ lo pè mí ni?" ó dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí oníyàwòrán.

"Rárá o. Bí ìwọ bá ní o ṣe é, ó tó mi."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, Táyé dúró nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Inú bàbá rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin. Wọ́n ju àwọ̀n, wọ́n dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Omi iyọ̀ ti wọ inú ẹsẹ̀ náà láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé. Ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fa omi, ó wú, ìdè tó so ọrùn ẹsẹ̀ pọ̀ sì tú. Nígbà tí Táyé tẹra mọ́ ọn láti fa àwọ̀n, àtẹ́lẹsẹ̀ yí padà pátápátá, Táyé sì ré sínú omi.

Ẹsẹ̀ tó kún fún omi wúwo bí òkúta, ó ń fà á lọ sísàlẹ̀. Ibi tó ṣubú sí, igi ọgbà ẹja àtijọ́ wà níbẹ̀, ìkarahun mímú sì ti bò wọ́n. Kí bàbá rẹ̀ tó rí i fà sókè, ìkarahun ti ya kùkùté rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ títí kan eegun. Ẹrẹ̀ wọ ojú egbò náà. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ní egbò ti ba orúnkún jẹ́, àwọn kò sì ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n gé e lókè orúnkún.

Ẹni tí kò bá mọ̀ lè ní kí ni ìyàtọ̀, ṣebí aláìlẹ́sẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ wà o. Ẹni tó ní orúnkún lè fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá gun àkàbà, ó lè kúnlẹ̀, ó lè dúró nínú ọkọ̀ tó ń mì. Ẹni tí kò ní orúnkún, ìdúró inú ọkọ̀ ti di àlá fún un.

Ní ibùdó, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó ni Dókítà Olówòkéré ti mọ ohun tí wọ́n máa rí: pé olùlò kò tẹ̀ lé ìlànà, pé Táyé kò de ẹsẹ̀ náà dáadáa. Ọmọdé náà wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, wọ́n ti ń wá ẹ̀bi sí i lórí. Olùdarí pe Àràmídé.

"Ní Ọjọ́bọ̀, ohun kan náà ni wàá tún sọ," ó wí. "Pé ìwọ wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ fún oṣù mélòó kan, kò sì ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ìyẹn á fi hàn pé ẹsẹ̀ kọ́ ló ní àbùkù, ẹni tó wọ̀ ọ́ ni."

Àràmídé wọkọ̀ padà sílé lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ń kó ẹja lórí ààrò nígbà tó wọlé.

"Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan létí omi," Ìyé wí. "Wọ́n ní ọmọ Oríòkè-Ìwàmímọ́ tó já sómi yẹn, ọmọ kan ní ibùdó yín ló sọ fún un pé òun ti fi irú ẹsẹ̀ yẹn dúró nínú ọkọ̀ rí. Ta ni ọmọ náà?"

Ìyá rẹ̀ gbé ojú sókè, ó wo ẹsẹ̀ tó wà lára ògiri, tó mọ́ tónítóní, tó ń dán, ó sì wo ọmọ rẹ̀. Ó rọra gbé agbọ̀n ẹja sílẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí o má jẹ́ kí omi kàn án. Mi ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ìwọ mọ̀." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Mo rò pé ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n gé lára ọmọ mi."

Ó kúrò níbẹ̀, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àràmídé sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì yẹ kó sun ún.

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn tún pé: ìgbìmọ̀, àwọn olùrànlọ́wọ́, àti bàbá Táyé tí wọ́n fi sí ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan. Olùdarí sọ tirẹ̀, ó wá nawọ́ sí Àràmídé. Ó dìde.

"Irọ́ ni mo pa," ó wí. "Mi ò wọ ẹsẹ̀ yìí nínú ọkọ̀ rí. Kò sí ọjọ́ kan. Bí mo bá ti dé èbúté, mo máa ń bọ́ ọ bí a ṣe ń bọ́ bàtà, inú ọ̀rá ló máa ń wà. Táyé bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sọ òótọ́ fún un. Kò sí ìlànà tí kò tẹ̀ lé. Èmi ni mi ò tẹ̀ lé ìlànà."

Dókítà Olówòkéré rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ọmọdé ni, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ má ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí."

"Dókítà, ẹ bá mi kálọ sí èbúté," Àràmídé wí. "Ẹ bi èrò ọkọ̀ Molutehin. Gbogbo wọn ló mọ̀."

Olùdarí kò dìde. Èbúté kò jìnnà sí ibùdó, ó ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò lọ síbẹ̀ rí, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Àǹtí Moríkẹ́ ló sọ̀rọ̀. "Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Yàrá ìpàdé ni mo ti béèrè. Èbúté ló yẹ kí n ti béèrè."

Bàbá Táyé wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àga kan sí èkejì, ó gbé fìlà rẹ̀, ó sì jáde. Èébú kò lè dunni tó ìwò yẹn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo nǹkan dára lẹ́yìn náà. Wọn kò lé Olówòkéré. Wọ́n gbé e lọ darí ibùdó mìíràn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ní ó ní ìrírí. Àǹtí Moríkẹ́ ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó tú ìgbìmọ̀ mẹ́ta ká, ó kó àga yàrá ìpàdé kúrò, ó sọ ibẹ̀ di ibi iṣẹ́ ọwọ́. Ó sì pàṣẹ pé kò sí ẹsẹ̀ tí yóò dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ibùdó bá ẹni tó ń dán an wò wọ ọkọ̀, tó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i nínú omi. Wọ́n gba káàdì lọ́rùn Àràmídé. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ kíláàsì tó ti ń yínmú sí. Wọ́n yínmú sí òun náà. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí.

Nígbà tí Táyé kúrò ní ilé ìwòsàn, Àràmídé wọ ọkọ̀ lọ sí Oríòkè-Ìwàmímọ́. Ó bá a níwájú ilé wọn, níbi tí Táyé jókòó sí lórí pákó, tó ń tún àwọ̀n bàbá rẹ̀ ṣe. Àràmídé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Táyé, mo wá tọrọ àforíjì."

Táyé kò gbé ojú kúrò lára àwọ̀n. "Wọ́n ní o jẹ́wọ́. Wọ́n ní o ṣe akin, pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mi ò ṣe akin kankan."

"Èmi náà mọ̀." Ó fi eyín gé òwú. "Mi ò bínú sí Olówòkéré. Ọkùnrin yẹn kò mọ omi, kò sì mọ ohun tó ń sọ. Ìwọ ọmọ omi ni ọ́. O mọ ohun tí omi iyọ̀ ń ṣe sí nǹkan. O mọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ lẹ́nu rẹ, Àràmídé. 'Rárá.' Ṣé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀?"

Àràmídé na ọwọ́ sí àwọ̀n náà láti bá a dì í mú.

"Dìde," Táyé wí. "Ìwọ ṣì ní orúnkún tí o fi ń kúnlẹ̀. Má fi dá mi lóró."

Ó padà sídìí àwọ̀n rẹ̀. Àràmídé dìde, ó rìn lọ sí etí omi, kò sì sí ẹni tó sìn ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ọ̀pọ̀ yín ni wọn yóò bi léèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé ẹ ti ṣe nǹkan kan, ṣé ẹ ti rí i, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n. Ìtìjú á wà nínú "rárá", iyì á wà nínú "bẹ́ẹ̀ ni", ẹni ńlá kan á sì máa mi orí sí yín. Ẹ rántí ọmọ Molutehin yìí. Ẹni tó bá jẹ́rìí sí ohun tí kò dán wò, ara ẹlòmíràn ló fi ń dán an wò.